Robert Livingston: akọ̀wé Albany tó sọ éékà 2,600 di éékà 160,000

Ilẹ̀ méjì péré ni Robert Livingston rà lọ́wọ́ àwọn Mahican, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ tó wà níbẹ̀ kí àwọn òyìnbó tó dé, ní ìhà ìlà-oòrùn odò Hudson, níbi tó ti di ìpínlẹ̀ New York lónìí. Ó ra àkọ́kọ́ ní ọdún 1683, nǹkan bí éékà 2,000, lẹ́bàá odò kékeré tí wọ́n ń pè ní Roeliff Jansen Kill. Ó ra èkejì ní 1685, nǹkan bí éékà 600, lọ́hùn-ún ní Taghkanic, ní ọ̀nà Massachusetts. Ṣùgbọ́n nígbà tí Gómìnà Thomas Dongan fọwọ́ sí ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 1686, ilẹ̀ tó wà nínú ìwé náà tó éékà 160,000. Owó tí Livingston yóò máa san fún ọba lórí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ṣílè 28 lọ́dún.

Ọgbọ́n tó ta kò díjú rárá. Ìwé náà kàn kọ ọ́ pé ilẹ̀ méjèèjì bá ara wọn pààlà. Wọn kò bá ara wọn pààlà. Ọ̀pọ̀ máìlì igbó àti òkè ló wà láàrin wọn. Bí ìwé bá ti lè sọ pé wọ́n fara kanra, gbogbo ohun tó wà láàrin ti di ti ẹni tó ni eteetí méjèèjì nìyẹn. Dongan sì tún fi oyè kún un: ilẹ̀ náà di Livingston Manor, Livingston di Lọ́ọ̀dù ibẹ̀, ó láṣẹ láti dá ilé ẹjọ́ kékeré sílẹ̀ fún àwọn tó bá ń gbé orí rẹ̀, àti láti yan àlùfáà fún ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ tó ń sọ ìtàn ìdílé Livingston máa ń sáré lọ sórí àwọn ọmọ-ọmọ tó jẹ́ gómìnà àti adájọ́. Ní tèmi, iṣẹ́ akọ̀wé ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń kọ ìwé ìlú, tó ń kọ àdéhùn tí ìjọba ń bá àwọn onílẹ̀ ṣe, òun ló mọ̀ jù bí ọ̀rọ̀ kan lórí ìwé ṣe lè gbé ààlà lọ síbi tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ rí.

Ancrum ni wọ́n bí Livingston sí ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1654, abúlé kan ní gúúsù Scotland, tí kò jìnnà sí ààlà England. John Livingstone, bàbá rẹ̀, jẹ́ àlùfáà ìjọ Presbyterian tí orúkọ rẹ̀ ti kàn láti 1630 nítorí ìwàásù tó ṣe ní Kirk o' Shotts. Nígbà tí Charles Kejì padà sórí oyè ní 1660, tí wọ́n ní kí àwọn àlùfáà tún wá sábẹ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù, John kọ̀. Wọ́n lé e kúrò nílùú, ó sì kó lọ sí Rotterdam ní Netherlands ní 1663. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Robert nígbà náà. Rotterdam ló ti gbọ́ èdè Dutch dáadáa, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ òwò àti bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ìṣirò. Bàbá rẹ̀ kú ní 1672. Ní 1673 Robert wọkọ̀ láti Scotland lọ sí Massachusetts, kò sí ogún kan lọ́wọ́ rẹ̀ ju èdè méjì àti ìṣirò owó.

Nígbà tó fi máa dé Albany ní ìparí 1674, ìlú náà ń wá irú rẹ̀ lójú méjèèjì. Àwọn Dutch ti gba New York padà fún bí ọdún kan, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a padà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìjọba ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará ìlú ń sọ Dutch, àwọn Mohawk àti Mahican tó ń kó awọ ẹranko beaver wá tà ń sọ èdè tiwọn. Nígbà tó di 1675, Livingston ti di akọ̀wé ìlú Albany àti akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn onílẹ̀ ṣe ìpàdé. Ó tún ń ṣe akọ̀wé fún Rensselaerswyck, ilẹ̀ ńlá tí ìdílé Van Rensselaer ní yí Albany ká.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìpàdé wọ̀nyẹn ṣe ń lọ, torí ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Olóyè Mohawk á sọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ á túmọ̀ rẹ̀ sí Dutch. Ọ̀kan nínú wọn tí orúkọ rẹ̀ wà lákọsílẹ̀ ni Hilletie van Olinda, obìnrin tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Mohawk. Livingston, tí kò gbọ́ èdè Mohawk, á wá gba ọ̀rọ̀ náà ní Dutch, á kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó bá kọ ni gómìnà ń kà, òun náà ni London ń kà. Bó bá di ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí àríyànjiyàn dé lórí ohun tí ẹnikẹ́ni sọ, ìwé Livingston ni wọ́n á ṣí. Gómìnà máa ń wá, gómìnà máa ń lọ. Akọ̀wé kò kúrò nídìí àpótí ìwé rẹ̀.

Ìgbéyàwó ló wá fún un ní ìdílé. Nicholas van Rensselaer, ọ̀gá rẹ̀ ní Rensselaerswyck, kú ní 1678. Ìtàn kan wà tí ìdílé náà máa ń sọ: pé nígbà tí Nicholas ń kú lọ, ó ní kí wọ́n pe akọ̀wé wá kọ ìwé ìhágún òun, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé Livingston ló wọlé, ó ní kí wọ́n lé e jáde, torí òun yìí ló máa fẹ́ opó òun. Bóyá ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀, Livingston fẹ́ opó náà, Alida Schuyler, ní oṣù Keje ọdún 1679. Alida kò tíì ju ọmọ ọdún 23 lọ. Nípasẹ̀ rẹ̀, Livingston di àna fún àwọn tó ń darí Albany. Pieter Schuyler, àbúrò Alida, ni Méyọ̀ àkọ́kọ́ ìlú náà ní 1686, nígbà tí òun àti Livingston jọ gba ìwé àṣẹ ìlú lọ́wọ́ Dongan. Gertruyd, arábìnrin Alida, ni ìyàwó Stephanus van Cortlandt, tí òun náà di Lọ́ọ̀dù ilẹ̀ ńlá kan lẹ́bàá Hudson. Livingston tún lo orúkọ ìyàwó rẹ̀ láti bèèrè ìpín nínú ogún Nicholas, ó sì fi ẹjọ́ náà yọ àwọn Van Rensselaer lẹ́nu títí wọ́n fi yanjú rẹ̀ ní 1685. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún 12 tó dé Albany.

Ẹ wo ohun tó san fún àwọn Mahican ní 1683. Àkójọ rẹ̀ wà nínú ìwé ilẹ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gílídà 300 ní wampum, ìlẹ̀kẹ̀ ìkarahun tí wọ́n ń ná bí owó ẹyọ ní ilẹ̀ wa. Lẹ́yìn náà ni kúbùsù, aṣọ nípọnnípọn, ṣẹ́ẹ̀tì ńlá àti kékeré, ìbọ̀sẹ̀, ìbọn 6, ẹ̀tù, òjé, ìkòkò irin 10, àáké 10, sísọ́ọ̀sì kékeré 20, dígí kékeré 20, ìwọ̀ ẹja 100, tábà àti ìkòkò tábà, ọtí róòmù àti àgbá bíà líle kan. Àwọn tó tà á kò sì rò pé àwọn ti kó kúrò pátápátá. Obìnrin kan láàrin wọn ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa dáko níbi kan fún ọdún 4 sí i, wọ́n sì fẹ́ máa pẹja nínú odò náà, kí wọ́n sì máa ṣọdẹ nínú igbó. Èyí fi hàn pé ohun tí wọ́n rò pé àwọn tà ni ẹ̀tọ́ pé kí àlejò náà wá bá àwọn lo ilẹ̀. Ohun tí Livingston kọ sílẹ̀ ni pé ilẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ wọn. Èmi kò rí ibi kankan nínú ìṣòwò yìí tí àwọn méjèèjì ti gbọ́ ohun kan náà. Ní ti èyí tó pọ̀ jù lọ nínú éékà 160,000 náà, kò sí ẹni tó gba ìwọ̀ ẹja kan lórí rẹ̀.

Èèyàn lè rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á jókòó jẹun. Kò rí bẹ́ẹ̀, torí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba. Livingston ni agbaṣẹ́ṣe tó ń bọ́ àwọn ọmọ ogun tó wà ní Albany: ó ń fi owó ara rẹ̀ tàbí gbèsè ra oúnjẹ, ìjọba á sì san án padà tó bá yá. Ìjọba kì í tètè san. Ní 1689, nígbà tí Jacob Leisler, oníṣòwò kan tó ṣọ̀tẹ̀, gba ìjọba New York, wọ́n fẹ̀sùn kan Livingston pé ó sọ̀rọ̀ òdì sí Ọba William, ó sì sá lọ sí Connecticut. Wọ́n pokùn mọ́ Leisler lọ́rùn ní 1691, Livingston padà wálé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọlẹ́yìn Leisler kò gbàgbé rẹ̀.

Ní ìparí 1694 òun àti John, àkọ́bí rẹ̀, wọkọ̀ lọ sí London láti lọ béèrè owó. Ìtọ́kọ̀ ọkọ̀ náà ṣẹ́, ìjì gbé wọn kiri lójú òkun fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, Portugal ni wọ́n já sí. Wọ́n gba orí ilẹ̀ kọjá ní Spain, àárín 1695 kí wọ́n tó dé London. Ó rí ohun tó wá gbà: wọ́n fìdí iṣẹ́ akọ̀wé ọ̀ràn àwọn onílẹ̀ múlẹ̀ fún un, pẹ̀lú owó oṣù pọ́n-ùn 100 lọ́dún.

London yìí náà ló ti bá Captain William Kidd pàdé. Livingston ló mú un lọ sọ́dọ̀ Bellomont, tó ń bọ̀ wá di gómìnà New York. Ní oṣù Kẹwàá 1695 wọ́n tọwọ́ bọ̀wé: Bellomont àti àwọn ọlọ́lá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á dá ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún owó ọkọ̀, Kidd àti Livingston á dá ìdá kan tó kù, Kidd á lọ mú àwọn ajalèlókun, wọ́n á sì jọ pín ohun tó bá gbà lọ́wọ́ wọn. Kidd fúnra rẹ̀ ni wọ́n wá pè ní ajalèlókun. Wọ́n mú un ní Boston ní 1699, wọ́n sì pa á ní London ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún 1701. Livingston bọ́ nínú ọ̀ràn náà, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kan náà ilé aṣòfin New York, tó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Leisler, ní kó kó ìwé ìṣirò gbogbo owó ìjọba tó ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ wá. Kò lè kó wọn kalẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n gba ohun ìní rẹ̀. Ó tún ní láti rìnrìn àjò lọ sí London ní 1703, ọkọ̀ àwọn Faransé mú un lójú ọ̀nà, kò sì padà wálé títí di 1706, nígbà tí àṣẹ Ọbabìnrin Anne ti dá ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà.

Ní gbogbo ìgbà tó ń rìn yìí, ta ló ń bójú tó ilẹ̀? Alida ni. Bí mo bá ní kí n dárúkọ ẹnì kan tó sọ Livingston Manor di ohun tó ń mówó wọlé, òun ni mo máa dárúkọ. Lẹ́tà tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ síra wọn ní Dutch ṣì wà títí dòní, kì í sì í ṣe lẹ́tà ìfẹ́ lásán. Iye àlìkámà tó wọlé, fùláwà tó yẹ kó wọ ọkọ̀ lọ sí New York, ẹni tó jẹ gbèsè, ọjà tí ọkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rà bọ̀ fún ilé ìtajà: ohun tó kún inú wọn nìyẹn. Ọlọ tí omi odò ń yí wà níbẹ̀ fún lílọ àlìkámà, ibi ìlagi wà fún pákó, ilé búrẹ́dì wà, ilé bíà wà. Ó bí ọmọ mẹ́sàn-án láàrin 1680 sí 1698 pẹ̀lú gbogbo rẹ̀. Wọ́n máa ń kọ ìtàn yìí bíi pé Robert nìkan ni Lọ́ọ̀dù. Nínú lẹ́tà wọn, òun gan-an ló ń béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ bí nǹkan ṣe ń lọ.

Ìṣòro tó kù ni pé ilẹ̀ pọ̀, èèyàn kò sí. Ta ni yóò wá dáko fún ẹlòmíràn nígbà tó lè rí ilẹ̀ tirẹ̀ ní Pennsylvania tàbí New Jersey? Ìdáhùn dé ní 1710 pẹ̀lú àwọn Palatine, àwọn aláìní láti Jámánì tí ogun àti òtútù líle ọdún 1709 lé kúrò nílé. Gómìnà tuntun, Robert Hunter, tí òun náà jẹ́ ọmọ Scotland, kó nǹkan bí 2,800 wọn wọkọ̀ láti England. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló kú lójú omi. Ètò ìjọba ni pé kí wọ́n máa ṣe ọ̀dà fún àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi, torí Sweden tí wọ́n ti ń rà á wà lójú ogun, owó rẹ̀ sì ti wọ́n kọjá bó ṣe yẹ. Àwọn Palatine á fi iṣẹ́ san gbèsè ọkọ̀ àti oúnjẹ wọn, bíi ti ìwọ̀fà.

Livingston ta éékà 6,000 fún Hunter ní pọ́n-ùn 400 owó New York. Germantown ni wọ́n ń pe ibẹ̀ lónìí. Lẹ́yìn náà ló gba iṣẹ́ bíbọ́ wọn: ìdá kan nínú mẹ́ta búrẹ́dì kan àti kúọ́tì bíà kan fún olúkúlùkù lójoojúmọ́. Àlìkámà inú ọlọ rẹ̀, búrẹ́dì inú ilé búrẹ́dì rẹ̀, bíà inú ilé bíà rẹ̀, ìjọba ni yóò san owó gbogbo rẹ̀. Clarendon, tó ti ṣe gómìnà New York tẹ́lẹ̀, kọ̀wé sí London láti kìlọ̀ pé Livingston yìí ni yóò jèrè, pé bíbọ́ ọmọ ogun ló fi di olówó. Àwọn Palatine náà kò yéé ráhùn lórí oúnjẹ tí wọ́n ń rí gbà.

Ọ̀dà ṣíṣe gba sùúrù. Ní ìgbà ìrúwé, nígbà tí oje bá ń gòkè, wọ́n á bó èèpo igi páìnì ní ìhà àríwá nìkan, níbi tí oòrùn kì í ti mú, ìdá kan nínú mẹ́rin yíká igi, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2 ní gígùn. Kí òtútù tó wọlé, wọ́n á bó ìhà gúúsù. Ọdún kejì, wọ́n á bó ìhà ìlà-oòrùn nígbà ìrúwé, ìwọ̀-oòrùn nígbà ìwọ́wé. Ìdí tí wọ́n fi ń pín in bẹ́ẹ̀ ni kí igi má baà kú lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ṣì wà láàyè, oje á máa kóra jọ síbi tí wọ́n bó. Ìgbà tó bá kún ni wọ́n á gé e, wọ́n á là á wẹ́wẹ́, wọ́n á tò ó sínú ebu, wọ́n á fi erùpẹ̀ bò ó kí iná má ráyè jó fòò. Ooru á yọ oje náà, ọ̀dà á ṣàn jáde láti ìsàlẹ̀ sínú àgbá.

Ní 1711 wọ́n bó nǹkan bí igi 100,000. Ọ̀dà tó jáde kò tó nǹkan. Igi ni àkọ́kọ́ ẹ̀bi: páìnì funfun ló pọ̀ lágbègbè náà, oje rẹ̀ kò pọ̀ bíi ti páìnì tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀dà. Bridger, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, ti padà sí Boston, kò sì fẹ́ wá mọ́. Richard Sackett, àgbẹ̀ kan tó wà nítòsí, ló gba ipò rẹ̀. Àgbẹ̀ àti olùtọ́jú àjàrà ni ọ̀pọ̀ àwọn Palatine, ilẹ̀ Schoharie, ní ìwọ̀-oòrùn Albany, tí wọ́n gbọ́ pé wọ́n ṣèlérí fún wọn ni ọkàn wọn wà. Wọ́n kọṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 1711, Hunter kó ọmọ ogun wá, ó gba ìbọn ọwọ́ wọn. Èyí tó wá pa ètò náà ni pé ìjọba London ti bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ mìíràn, àwọn tuntun kò sì fẹ́ san gbèsè tí Hunter jẹ. Iṣẹ́ tó ń gba ọdún méjì kó tó mú ohunkóhun wá, owó rẹ̀ ti tán kó tó pé. Ní oṣù Kẹsàn-án 1712, Hunter ní kí wọ́n lọ wá oúnjẹ ara wọn.

Apá kan lọ sí Schoharie nínú yìnyín. Àwọn tó kù, tí kò ní irinṣẹ́, tí kò ní ẹran ọ̀sìn, di ayálẹ̀ Livingston. Ìjọba pàdánù, àwọn Palatine pàdánù; ilẹ̀ tó ṣófo wá ní èèyàn. Ọlọ àti ilé búrẹ́dì tó tóbi sí i nítorí wọn sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Hunter tún ṣe nǹkan kan fún un. Wọ́n ní kí awọnlẹ̀ John Beatty ya àwòrán ilẹ̀ náà ní 1714, ní 1715 wọ́n sì fún Livingston ní ìwé àṣẹ tuntun tó fìdí ti Dongan múlẹ̀, tó sì fi àga kan nílé aṣòfin kún un fún Manor náà. Livingston fúnra rẹ̀ jókòó sórí àga yẹn, ó sì di abẹnugan ilé aṣòfin láti 1718 títí di 1725, ilé aṣòfin kan náà tó ti ní kí wọ́n gba ohun ìní rẹ̀. Alida kú ní 1727, òun náà kú ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1728.

Àwọn ọmọ náà fẹ́ ibi tó lè gbé ìdílé ga. John fẹ́ ọmọ Winthrop, gómìnà Connecticut. Margaret fẹ́ Samuel Vetch, ọmọ Edinburgh tó yè bọ́ nínú ìparun àwọn ará Scotland ní Darien, ibi tí wọ́n ti fẹ́ tẹ̀dó sí ní Panama, tó sì wá di gómìnà Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ ní Nova Scotia ní 1710. Ẹ̀wọ̀n gbèsè ní London ni Vetch kú sí ní 1732. Philip fẹ́ Catharina van Brugh, ọmọ Méyọ̀ Albany, òun ló sì jogún Manor. Robert kékeré gba éékà 13,000 ní gúúsù, tí wọ́n wá ń pè ní Clermont. Gilbert fẹ́ ọmọ Beekman. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tí Livingston ránṣẹ́ pè láti Scotland, tí òun náà ń jẹ́ Robert, fẹ́ ọmọ Pieter Schuyler, ó sì di Méyọ̀ Albany láti 1710 sí 1719. (Ẹni tó bá ń ka ìtàn ìdílé yìí, kó máa wo ọdún ìbí ṣáá, Robert pọ̀ nínú wọn débi pé orúkọ nìkan kò tó.)

Ní 1743, Philip dá ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin sílẹ̀ lórí Manor náà, ó sì sọ ibẹ̀ ní Ancram, orúkọ abúlé bàbá rẹ̀. Owó mìíràn tó ń wọlé fún un kò mọ́. Philip àti àwọn ọmọ rẹ̀ fi owó sínú ọkọ̀ tó ń kó ẹrú. Ní 1749, Wolf, ọ̀kan nínú ọkọ̀ tí wọ́n ní, kúrò ní New York lọ sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń lọ láti èbúté kan sí èkejì fún ju ọdún kan lọ, tí wọ́n ń ra èèyàn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. William Chancellor, dókítà inú ọkọ̀ náà, kọ ohun tó rí sílẹ̀ lójoojúmọ́: àwọn ọmọdé tó kú nínú àjà ọkọ̀, àrùn ìgbẹ́ ọ̀rìn, àti bí wọ́n ṣe ń sọ òkú sómi. Àwọn ẹrú wà nínú ilé àti lẹ́nu iṣẹ́ lórí ilẹ̀ Livingston náà láti ìgbà ayé Robert àti Alida. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ ìtàn ìdílé yìí kó fo ibí yìí kọjá. Ní New York, ọjọ́ 4 oṣù Keje 1827 ni òmìnira pátápátá tó dé.

Ní ti àwọn olókìkí, Philip ọmọ Philip fọwọ́ sí ìwé ìkéde òmìnira Amẹ́ríkà ní 1776. William àbúrò rẹ̀ jẹ́ gómìnà New Jersey láti 1776 títí ó fi kú ní 1790. Robert R. Livingston ti Clermont búra fún George Washington ní 1789, ó wà lára àwọn tó ra Louisiana lọ́wọ́ Faransé ní 1803, òun ló sì gbówó sílẹ̀ fún ọkọ̀ ojú omi oníná tí Robert Fulton kàn, tó fi wákàtí 32 rin máìlì 150 láti New York dé Albany ní 1807.

Àwọn ayálẹ̀ ńkọ́? Ìwé àdéhùn wọn ni mo rò pé ó yẹ ká fara balẹ̀ kà jù. Àdéhùn náà kì í ní iye ọdún. Orúkọ èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀, ọkọ, ìyàwó àti ọmọ kan lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì wà títí ẹni tó gbẹ̀yìn nínú wọn á fi kú. Ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n àlìkámà kan lọ́dọọdún, adìyẹ sísanra mélòó kan, àti ọjọ́ bíi méjì tí ayálẹ̀ á fi ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún Lọ́ọ̀dù. Ọlọ Lọ́ọ̀dù nìkan ló ti gbọ́dọ̀ lọ àlìkámà. Bó bá fẹ́ ta oko tó ti ro, Lọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ láǹfààní láti rà á, bí kò bá sì rà á, apá kan owó náà jẹ́ tirẹ̀. Bí àdéhùn bá pé, ilé, ọgbà igi èso àti odi oko di ti Lọ́ọ̀dù.

Ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ kì í dun ayálẹ̀, torí wọ́n máa ń dá ìṣákọ́lẹ̀ dúró díẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gé igbó. Ìgbà tí oko bá ti dára ni ọ̀rọ̀ ń yí. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé máa rí i pé ohun tí bàbá òun fi ogójì ọdún ṣe kì í ṣe ogún òun.

Wọ́n sì ta kò ó láti ìran dé ìran. Láti nǹkan bí 1751, àwọn ayálẹ̀ ìhà ìlà-oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ Massachusetts, tó ní ààlà òun wọ inú Manor. Ibi tí ìwé Dongan ti na ilẹ̀ náà kọjá ohun tí wọ́n rà gan-an ni ìjà ti ṣẹlẹ̀, wọ́n dáná sun ilé, ẹ̀mí lọ sí i. Ààlà kò yanjú títí di 1773. Ní 1777, nígbà tí àwọn Livingston wà lẹ́yìn òmìnira, ọ̀pọ̀ ayálẹ̀ wọn dìde fún ọba Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ìrètí pé bó bá borí, ilẹ̀ á di tiwọn. Àwọn ọmọ ogun ìpínlẹ̀ tẹ̀ wọ́n rì láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì jó ilé Clermont. Margaret Beekman Livingston, opó tó wà níbẹ̀, tún un kọ́.

Nígbà tí Lọ́ọ̀dù kẹta kú ní 1790, wọ́n pín Manor láàrin àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àdéhùn àwọn ayálẹ̀ kò yí padà. Láti 1839, àwọn ayálẹ̀ káàkiri àfonífojì Hudson kọ̀ láti san ìṣákọ́lẹ̀. Wọ́n ń wọ aṣọ kàlíkò àti agọ̀, wọ́n ń fun ìwo tí wọ́n fi páànù ṣe láti ké síra wọn nígbàkúgbà tí ṣẹ́ríìfù bá ń bọ̀, wọ́n á sì gba ìwé ẹjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sun níná. Ní 1846, òfin tuntun ìpínlẹ̀ New York fòpin sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀: lábẹ́ òfin yẹn, kò sẹ́ni tó tún lè fi ilẹ̀ oko háyà fún ju ọdún 12 lọ, owó tí onílẹ̀ ń gbà nígbà tí ayálẹ̀ bá ta oko rẹ̀ kò sì bófin mu mọ́ nínú àdéhùn tuntun.